Kọ́bọ́ọ̀dù inú bọ́ọ̀sì tí mo kàn lẹ́ẹ̀mejì

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí oníbàárà mi kan gbé bọ́ọ̀sì Hiace wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íjẹ̀bú Òde. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì ti kún nítorí Ojúde Ọba, inú ọkọ̀ ni òun àti ìyàwó òun máa sùn. Kí n bá òun kan kọ́bọ́ọ̀dù, ibi ìdáná kékeré àti àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀."

MDF mílímítà 18, ìyẹn pákó tí wọ́n fi èérún igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ó fẹ́ kó máa dán. Ṣíìtì kan, ẹsẹ̀ 4 sí 8, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 40. Márùn-ún ló bá a lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹrù tó sún mọ́ kílò 200, a ò tíì gbé gàrí wọlé o!

A wa ọkọ̀ náà lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó láti dán an wò. Gálọ́ọ̀pù ò jẹ́ kó sinmi. Ká tó padà dé, híńjì kan ti fà tu, òun àti èérún MDF tó dì mọ́ sukúrúù rẹ̀. Omi tún dà láti inú kẹ́ẹ̀gì, ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù sì wú bíi búrẹ́dì inú tíì. MDF tó bá ti wú, ó ti lọ nìyẹn.

Mo tú gbogbo rẹ̀. Owó ara mi ni mo fi ra pláíwúùdù arère, mílímítà 12. Arère fúyẹ́ gan-an. Ẹ̀gbọ́n ní ìrókò ńkọ́? Mo ní ìrókò dára fún ilẹ̀kùn ilé, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ó máa ra epo tí yóò fi gbé e kiri.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi igi ínǹṣì kan sí ínǹṣì kan ti gbogbo igun lẹ́yìn, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo sì fi dírílì lu ihò tín-ín-rín kí sukúrúù tó wọlé, kí igi má baà là. Egungun ọkọ̀ ni mo fi bóòtù dè é mọ́, kì í ṣe páànù lásán. Mo fi àyè ìka kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fún afẹ́fẹ́, torí páànù máa ń làágùn bí èèyàn bá sùn sínú ọkọ̀. Gbogbo etí tí mo gé ni mo kùn ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mẹta. Ibẹ̀ lomi máa ń gbà wọlé. Mágínẹ́ẹ̀tì tí à ń lò nílé ò lè di ilẹ̀kùn mú bí dírẹ́bà bá yà ní kọ́nà, nítorí náà, lọ́ọ̀kù tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kó tó ṣí ni mo fi sí i.

A tún lọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Híńjì kankan ò mì. Àwo ìyàwó ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń dún wọngan-wọngan, ìyẹn ò sì sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi.