Bí A Ṣe Ń Di Olùkọ́ Òfin Ìlera ní Yunifásítì Nàìjíríà

Ẹni tó bá fẹ́ fi òfin ìlera àti ìlànà ìwà nínú iṣẹ́ ìṣègùn ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní láti mọ ohun kan kó tó bẹ̀rẹ̀: ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ kò pọ̀. Àwọn aláìsàn wa kì í sábà pe dókítà lẹ́jọ́. Owó lọ́yà wọ́n, ẹjọ́ a máa falẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹbí á sì ní kí Ọlọ́run ṣèdájọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó sí ilé ìkàwé nìkan, àwọn ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò kàn máa tún kọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni wọ́ọ̀dù, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò, àti ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn dókítà. Ẹ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, kí ẹ sì tún ní ìwé ẹ̀rí tí yunifásítì ń béèrè.

Ìwé ẹ̀rí

LLB, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ nínú òfin, ni ìpìlẹ̀: ọdún 5 fún ẹni tó fi ìdánwò JAMB wọlé, ọdún 4 fún ẹni tó gba direct entry. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Law School àti iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé níwọ̀n bí kì í ti í ṣe ilé ẹjọ́ làwọn ń lọ, kí làwọn fẹ́ fi Law School ṣe. Ẹ má gba ìmọ̀ràn yẹn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka òfin ló ń béèrè BL, ìwé ẹ̀rí Law School, kí wọ́n tó gba olùkọ́ síṣẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2014 fi àyè kan sílẹ̀ fún agbẹjọ́rò nínú NHREC, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tó ń bójú tó ìlànà ìwádìí ìlera. Ẹni tí wọn ò tíì pè sí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò kò lè jókòó sí àyè yẹn.

LLM, ìwé ẹ̀rí kejì nínú òfin, ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń wò, wọn kì í béèrè ẹni tí yóò darí iṣẹ́ wọn. Kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù, ẹ wá olùkọ́ tó ti kọ nǹkan lórí òfin ìlera láàárín ọdún 5 sẹ́yìn, kí ẹ ka méjì nínú iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ wádìí bóyá ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìwádìí ilé ìwòsàn kankan, kí ẹ sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ bó ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó dá iṣẹ́ wọn padà. Bí ẹ̀ka òfin kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún alábòójútó méjì: ọ̀kan láti ẹ̀ka òfin, èkejì láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn. Kí wọ́n fi sínú ìwé kí àkòrí yín tó wọlé, torí àdéhùn ẹnu kì í dúró nígbà tí ẹ̀ka méjèèjì bá ń bára wọn jiyàn lórí ẹni tó ni akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ mú máàkì LLM yín ní dandan. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹni tó bá ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún sókè ló ń wọ PhD tààrà. Ẹni tó bá wà díẹ̀ sísàlẹ̀ yóò gba MPhil, ìwé ẹ̀rí ìwádìí tó wà láàárín LLM àti PhD, kọjá, ìyẹn sì ń fa iṣẹ́ gùn. Bí ẹ bá fẹ́ lọ ṣe LLM lókè òkun, ẹ rí i pé ó ní iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n kọ gbọọrọ nínú. Èyí tó jẹ́ ìdánwò nìkan lè di ìṣòro nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọ PhD nílé. Lára ibi tí a lè fọkàn tán ni Steve Biko Centre for Bioethics ní Yunifásítì Witwatersrand, Johannesburg (MSc lórí bioethics àti òfin ìlera ni tiwọn, kì í ṣe LLM), àti Health Justice Institute (Health Law Institute tẹ́lẹ̀) ti Yunifásítì Dalhousie ní Halifax, Kánádà. Johannesburg la máa kọ́kọ́ tọ́ka sí fún ẹni tó fẹ́ padà wálé, torí ìṣòro àwọn ilé ìwòsàn wọn sún mọ́ tiwa.

Dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ka fìlọ́sọ́fì náà lè wọ iṣẹ́ yìí, àmọ́ ẹ̀ka òfin kò ní gbà wọ́n láìní LLB. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn tàbí ẹ̀ka fìlọ́sọ́fì ni kí wọ́n gbájú mọ́. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní bioethics, ìyẹn ìlànà ìwà nínú ìṣègùn àti ìwádìí ìlera, láti ìgbà ètò West African Bioethics Training Program tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Clement Adebamowo darí, tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti Amẹ́ríkà, sì fowó tì lẹ́yìn.

Òfin tó yẹ kó wà lórí ahọ́n yín

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹjọ́ Medical and Dental Practitioners Disciplinary Tribunal àti Okonkwo, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ní 2001. Obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára, ó sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn dókítà ní kí ẹni tó tọ́jú rẹ̀ lọ rọ́kún nílé fún oṣù 6. Ilé ẹjọ́ fagi lé ìyà náà: wọ́n ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò ni ibi tí ìdájọ́ náà fẹsẹ̀ lé, ìyẹn ẹ̀tọ́ sí ìgbé ayé ara ẹni àti òmìnira ẹ̀sìn inú ìwé òfin ilẹ̀ wa. Lónìí, abala 37 àti 38 ìwé òfin 1999 ni ẹ ó ti rí wọn.

Ẹ wá fi ẹjọ́ Esabunor àti Faweya sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó parí ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní 2019. Níbẹ̀, ìyá ló kọ ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ ọwọ́, ilé ẹjọ́ sì ti àṣẹ májísíréètì lẹ́yìn pé kí wọ́n fún ọmọ náà lẹ́jẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka ẹjọ́ méjèèjì pọ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, yóò rí i fúnra rẹ̀ ibi tí ẹ̀tọ́ àgbàlagbà lórí ara rẹ̀ parí sí tó bá di ọ̀rọ̀ ọmọ.

Àṣìṣe tó ń ba àpilẹ̀kọ jẹ́ jù ni kí ẹnì kan mú ẹjọ́ Bolam ti 1957 tàbí Montgomery ti 2015, tí wọ́n dá ní Bírítéènì lórí ojúṣe dókítà sí aláìsàn, kó sì kọ ọ́ bí ẹni pé òfin Nàìjíríà ni. Ìdájọ́ Montgomery kò de adájọ́ wa. Ó lè tẹ́tí sí i, ó sì lè má tẹ́tí sí i. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó gbà á, ẹ gbọ́dọ̀ fi abala òfin tiwa hàn án tó gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ ró. Ó sì wà: abala 23 Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí aláìsàn mọ ipò ìlera rẹ̀, oríṣi ìtọ́jú tó wà, èrè, ewu àti iye owó rẹ̀, àti pé ó lè kọ̀ ọ́. Abala yẹn tún ní, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kó jẹ́ ní èdè tí aláìsàn gbọ́, kó sì bá ìwọ̀n ìwé tó kà mu. Ẹni tó bá fẹ́ àkòrí PhD tí kò tíì gbó, kó lọ wo bí wọ́n ṣe ń pa abala yìí mọ́ láwọn ilé ìwòsàn Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun tàbí Èkìtì.

Nínú òfin kan náà, ẹ mọ abala 20, tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì (owó ìtanràn ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì), àti abala 26 lórí àṣírí aláìsàn. Ẹ fi òfin 2014 tó dènà ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní kòkòrò HIV kún un, òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023, àti òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti 2023. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn ilé ìwòsàn ń béèrè ìmọ̀ràn lé lórí báyìí, torí fáìlì ti ń kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù bọ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Kò sì sí bí ẹ ṣe lè kọ́ni ní ìlànà ìwádìí nílẹ̀ yìí láìmẹ́nu kan ọ̀rọ̀ Pfizer, ilé iṣẹ́ oògùn ti Amẹ́ríkà, ní Kano. Lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà, ilé iṣẹ́ náà fi ọmọ 200 ṣe ìwádìí oògùn Trovan: ìdajì gba Trovan, ìdajì gba ceftriaxone, oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹbí ní àwọn kò mọ̀ pé ìwádìí ni. Ní 2009, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní New York gbà pé ẹjọ́ wọn lè tẹ̀ síwájú, ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ náà bá ìjọba Kano ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìdájọ́ náà fúnra wọn. Ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì nípa rẹ̀ a máa da ẹ̀sùn àti ohun tí ilé ẹjọ́ sọ pọ̀ mọ́ra.

Bí ẹ ó ṣe wọ ìgbìmọ̀ ìwádìí

Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá gba PhD. Ẹ kọ́kọ́ gba TRREE, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lórí ìlànà ìwádìí. Ọ̀fẹ́ ni, ó ní apá tó jẹ́ ti Nàìjíríà, ó sì ń fúnni níwèé ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ yín, kí ẹ bẹ̀bẹ̀ láti wá jókòó gẹ́gẹ́ bí òǹwòran kí ẹ tó béèrè àyè.

Tí wọ́n bá gbà yín, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ oògùn àti ìṣirò dẹ́rù bà yín, àwọn tó mọ̀ ọ́n wà níbẹ̀. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni láti wo ibi mẹ́rin: ta ni yóò san owó ìtọ́jú bí ìwádìí bá ṣe ẹnì kan léṣe, ta ló ni ìsọfúnni tí wọ́n kó jọ, ṣé àdéhùn wà nílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹran ara bá ń lọ sókè òkun, ṣé fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda bá abala 32 Òfin Ìlera mu. Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ karùn-ún wà tí ẹnikẹ́ni kò ní yàn fún yín: fọ́ọ̀mù tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá. Kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀, kí ẹlòmíràn tí kò tíì rí ti Gẹ̀ẹ́sì dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ wá fi méjèèjì wéra. Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni ibi tí ó ti yẹ kí fọ́ọ̀mù sọ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá oògùn yìí ń ṣiṣẹ́. Bí atúmọ̀ bá kọ ọ́ bí ìlérí ìtọ́jú, ẹni tó fọwọ́ sí i kò mọ ohun tó fọwọ́ sí, ìyọ̀ǹda rẹ̀ kò sì dúró.

Ìwádìí tiyín

Àwọn ará ẹ̀ka òfin kì í mọ̀ pé àwọn náà nílò àṣẹ ìgbìmọ̀. Bí ẹ bá ń ka ìdájọ́ tó ti jáde nínú NWLR tàbí LPELR, àkójọ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ wa, ẹ ò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá nọ́ọ̀sì lẹ́nu wò, tàbí kí ẹ yẹ fáìlì aláìsàn wò, àṣẹ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín ṣáájú ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìgbìmọ̀ kì í fúnni láṣẹ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó ti gba ohùn èèyàn 40 sílẹ̀ láìgbàṣẹ ti fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣòfò, torí jọ́nà ìṣègùn tó dára yóò béèrè nọ́ńbà àṣẹ náà. Ohun tí ẹ ó kó lọ ni àlàyé ìwádìí, ìbéèrè tí ẹ fẹ́ béèrè, fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ìlànà ìwádìí, àti lẹ́tà alábòójútó. Ọdún kan ni àṣẹ sábà máa ń wà fún. Ẹ tún un ṣe kó tó tán.

Ìwé títẹ̀ àti ìgbéga

Graduate Assistant tàbí Assistant Lecturer ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó gun Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, títí dé ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọdún 3 ni wọ́n sábà ń lò nípò kan, bí ìwé tí wọ́n tẹ̀ bá tó. Owó TETFund, àjọ ìjọba tó ń fowó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, wà fún olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan. Nítorí náà, ó dára kí ẹni tí kò lówó PhD lọ́wọ́ kọ́kọ́ wá iṣẹ́ níbẹ̀.

Bí ẹ bá dé ẹ̀ka tí kò ní òfin ìlera nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, CCMAS, ètò ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, gbé jáde ní 2022, fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ láti fi ohun tó wù wọ́n sí. Ẹ kọ ètò ọ̀sẹ̀ 12 pẹ̀lú ẹjọ́ àti abala òfin fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e fún olórí ẹ̀ka kí ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ tó dé. Ètò tó ti pé lórí ìwé ni wọ́n ń fọwọ́ sí.

Lórí jọ́nà, ẹ mọ̀ pé ayé méjì ni ẹ wà. African Human Rights Law Journal àti Medical Law Review ń gba àpilẹ̀kọ gígùn. Jọ́nà ìlànà ìṣègùn bíi Developing World Bioethics fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣe ṣókí, ọ̀pọ̀ wọn kò sì fẹ́ àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé tí agbẹjọ́rò fẹ́ràn. Ẹ má gé orí kan nínú PhD ránṣẹ́ bó ṣe rí. Ẹ yọ ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ẹ kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Jọ́nà tó bá ṣèlérí àti tẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó, ẹ sá fún un, torí ìgbìmọ̀ ìgbéga lè yọ ọ́ kúrò, ẹ ò sì ní lè tún iṣẹ́ náà tẹ̀ síbòmíràn.

Ìṣòro tó le jù níbí ni iye orúkọ tó wà lórí ìwé. Ẹ̀ka òfin fẹ́ràn àpilẹ̀kọ tí èèyàn dá kọ. Àwọn dókítà ń kọ tiwọn ní mẹ́fà mẹ́jọ. Ẹni tó bá wà nínú ìgbìmọ̀ ìwádìí yóò máa gba ìpè láti kọ pẹ̀lú wọn, ó sì yẹ kó gbà, àmọ́ kó máa dá kọ ó kéré tán méjì fún ọ̀kan tó bá wọn kọ títí yóò fi di Senior Lecturer. Fún gbogbo èyí tí ẹ bá kọ pẹ̀lú ẹlòmíràn, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ tó sọ apá tí ẹ kọ, lọ́sẹ̀ tí jọ́nà bá gbà á, torí nígbà tí ìgbìmọ̀ ìgbéga bá béèrè lọ́dún mẹ́ta sí i, ẹni náà lè ti kúrò ní Nàìjíríà.