Bí mo ṣe tọpa ìbọn tí Ethiópíà rà láàárín ogun àgbáyé méjèèjì

Iṣẹ́ tí mo ṣe parí ni tábìlì kan tó fi ohun ìjà tí Ethiópíà rà láti 1919 sí 1936 hàn, pẹ̀lú èyí tó fẹ́ rà tí wọn kò jẹ́ kó rà. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó rọ ìbọn, orúkọ ilé iṣẹ́ á sì gbé wọn lọ. Èmi kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ethiópíà kò ní èbúté tirẹ̀ nígbà náà: Massawa wà lọ́wọ́ Ítálì, Jìbútì wà lọ́wọ́ Faransé, Berbera wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba tó lówó lọ́wọ́, tó sì rí ẹni tà fún un, kò tíì ní ìbọn títí oníbodè yóò fi ní kó máa kọjá. Oníbodè ni mo fi ṣe olórí ìlà.

Òpó mẹ́sàn-án ni mo là sí ojú ewé lórí kọ̀ǹpútà: ọjọ́ tí wọ́n béèrè, ọjọ́ kan náà ní kàlẹ́ńdà Ethiópíà, irú ohun ìjà, iye rẹ̀, owó àti irú owó, ìwé àṣẹ láti ìlú tó ń tà á, ibodè tó gbà, ọjọ́ tó wọ Addis Ababa, àti ìwé tí mo ti rí i. Bí òpó kẹfà tàbí ìkeje bá ṣófo, "wọ́n béèrè" ni kí o kọ, má kọ "wọ́n rà". Ìwé ìròyìn ayé ìgbà náà a máa pariwo pé ìbọn ti ń bọ̀, nígbà tí àpótí ṣì jókòó sí etí òkun.

Kí ìbọn kankan tó wọlé, to àdéhùn sílẹ̀ ná, torí òun ló sọ ẹni tó lè sọ pé "kò gbọdọ̀ kọjá". Èyí tó ti pẹ́ jù ni ti Brussels, 2 July 1890, tó ká ìbọn ìgbàlódé lọ́wọ́ kò láti ìlà ìbú ayé 20 ní àríwá sí ìlà ìbú ayé 22 ní gúúsù Áfíríkà. Ilẹ̀ Yorùbá náà bọ́ sínú agbègbè yẹn. Ṣakabùlà àti ètu òwò ni òfin náà rọ̀ fún. Ní 13 December 1906, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Ítálì jókòó láàárín ara wọn, wọ́n fọwọ́ sí ìwé lórí ohun ìjà tí yóò máa wọ Ethiópíà. Menelik, ọba Ethiópíà tó ni ilẹ̀, kò sí nídìí tábìlì náà. Lẹ́yìn náà ni ti Saint-Germain, 10 September 1919, tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí Ethiópíà wọ League of Nations, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ayé ìgbà náà, ní 28 September 1923, wọ́n ní kó kọ́kọ́ ṣèlérí pé òun yóò tẹ̀ lé ìlànà ìwé 1919 yìí lórí ohun ìjà.

Àpérò Gẹ̀nẹ́fà lórí òwò ohun ìjà, láti 4 May sí 17 June 1925, ni kí o kà dáadáa. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ fi Ethiópíà sí agbègbè àkànṣe pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ tí òyìnbó ń ṣàkóso. Àwọn aṣojú Ethiópíà kọ̀ ọ́: báwo ni ọmọ League ṣe máa wà lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ amúnisìn? Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọba tó yẹ kó fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn náà kò pé, kò sì di òfin rárá. Nítorí náà má fi 1925 ṣe ibi tí ìbọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fàlàlà, bí àwọn kan ti ń kọ ọ́. Èyí tó ṣiṣẹ́ ni àdéhùn Paris, 21 August 1930, tí Haile Selassie, ọba Ethiópíà, pẹ̀lú àwọn aládùúgbò mẹ́ta náà (Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Ítálì) jọ ṣe. Ó gbà pé ìjọba ọba lè ra ohun tó nílò láti dáàbò bo ilẹ̀ rẹ̀ àti láti pa ìlú mọ́. Ṣùgbọ́n ibodè ṣì wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yẹn.

Ọjọ́ ló máa ń kó ìdàrúdàpọ̀ wọlé jù. Kàlẹ́ńdà Ethiópíà fi ọdún méje dín sí tiwa láti September sí ìparí December, ó sì di mẹ́jọ láti January lọ. Ọjọ́ 21 August 1930 jẹ́ 15 Nehase 1922. Ọjọ́ tí wọ́n dé Haile Selassie ládé, 2 November 1930, jẹ́ 23 Tikimt 1923. Bí ìwé Amharic bá wá kọ 1923, tí o sì so ó mọ́ ọdún tí wọ́n wọ League, o ti fi ìbọn ọba sí ìgbà tí Haile Selassie kò tíì jọba, tó ṣì ń jẹ́ Ras Tafari.

Owó ló tẹ̀ lé e. Tálà Maria Theresa, owó fàdákà kan, ni wọ́n ń ná, gíráàmù 28.0668, fàdákà inú rẹ̀ jẹ́ 833 nínú 1,000. Ẹgbẹ̀rún tálà kan jẹ́ nǹkan bí 752 áúnsì fàdákà gidi. Ṣùgbọ́n iye tí Lọ́ńdọ̀nù ń kéde lójoojúmọ́ jẹ́ ti fàdákà tó jẹ́ 925 nínú 1,000, nítorí náà 813 áúnsì ni kí o fi ṣe ìṣirò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ iye New York, tó jẹ́ ti fàdákà gidi, lo 752. Oṣù tí wọ́n sanwó ni kí o wò, torí fàdákà kò dúró lójú kan: ó já wálẹ̀ lẹ́yìn 1929, ó sì gòkè nígbà tí Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1934 láti máa rà á.

Fún iye ohun ìjà, League a máa tẹ ìwé ọdọọdún lórí òwò ohun ìjà láti 1924 sí 1938. Ìwé tó wúlò ni, ṣùgbọ́n ìwé aṣọ́bodè ló ti kó iye rẹ̀ jọ: ìbọn ọdẹ àti ìbọn ogun lè wà ní ìlà kan náà, ẹrù tó gba Jìbútì sì lè jókòó sábẹ́ orúkọ Jìbútì dípò Ethiópíà. Má sì wá ọkọ̀ òfurufú Potez 25 tó dé ní 1929 sí ìlà ìbọn. Lẹ́tà àwọn aṣojú ìjọba ni mo fi ń yẹ iye wò: àpò FO 371, ìyẹn lẹ́tà ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Gẹ̀ẹ́sì, ní National Archives ní Kew, Lọ́ńdọ̀nù, àti ìwé ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí tábìlì náà ti dùn ún kà ni 1935. Ìjà Walwal láàárín ọmọ ogun Ítálì àti ti Ethiópíà ṣẹlẹ̀ ní 5 December 1934. Ní 7 January 1935, Laval, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Faransé, àti Mussolini, olórí Ítálì, fọwọ́ sí àdéhùn ní Róòmù, Ítálì sì gba ìpín 2,500 nínú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Jìbútì sí Addis Ababa. Ọ̀tá ọba ti di onípìn-ín lójú ọ̀nà tí ìbọn ọba ń gbà. Ní 25 July, Gẹ̀ẹ́sì ní òun kò ní í fúnni ní àṣẹ láti kó ohun ìjà lọ sí Ítálì tàbí Ethiópíà mọ́. Amẹ́ríkà ṣe òfin tirẹ̀, pé kí wọ́n má ta ohun ìjà fún ìlú tó ń jagun, ní 31 August, ó sì kéde rẹ̀ lé Ítálì àti Ethiópíà lórí ní 5 October, ọjọ́ kẹta tí ogun bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ọgbọọgba ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n Ítálì ń rọ ìbọn tirẹ̀ nílé.

Ní 11 October, League ní kí wọ́n máa tà fún Ethiópíà, kí wọ́n má tà fún Ítálì. Má tètè kọ "ó ṣí" sí òpó ibodè nítorí èyí. Faransé kò fẹ́ bí Mussolini nínú, ẹrù kò sì rọrùn láti gbé ní Jìbútì. Láti Berbera, lọ́rí ni wọ́n fi ń gbé e gba Jijiga, ìlú kan ní ìlà-oòrùn Ethiópíà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń kọjá. Jámánì náà fi ìbọn Mauser ránṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ ní ọdún yẹn, torí aáwọ̀ wà láàárín òun àti Ítálì lórí Austria. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò ní ìwé àṣẹ kankan nínú ìwé League, torí náà àwọ̀ mìíràn ni mo fún ìlà rẹ̀.

Fún ẹrù tó ṣì wà lójú ọ̀nà nígbà tí ọmọ ogun Ítálì wọ Addis Ababa ní 5 May 1936, fi òpó kẹjọ sílẹ̀ lófo, kí o sì kọ orúkọ èbúté tó dúró sí sí òpó keje.