Bí mo ṣe gba ọ̀rọ̀ ará àdúgbò jọ kí ìforúkọsílẹ̀ CI tó bẹ̀rẹ̀ ní Kétu

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tí ọmọ mi ń lọ ní Kétu níbí ti kún àkúnya. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí, A àti B, kálukú pẹ̀lú ọ̀gá tirẹ̀. Kọmúùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ló ń kọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Benin, wọ́n sì kọ́ kíláàsì tuntun fún B ní òdì kejì títì ọ̀dà. Àwọn ọ̀gá wá sọ fún ẹgbẹ́ òbí pé láti oṣù kẹsàn-án, ibi tí ọmọ tó fẹ́ wọ CI, kíláàsì àkọ́kọ́, bá ń gbé ni yóò sọ bóyá A ló ń lọ tàbí B. Àmọ́ nítorí pé A ti kún, wọ́n pín àwọn ilé kan tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa mọ́ B. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí, èmi ni wọ́n ní kí n gbọ́ tẹnu àwọn èèyàn.

Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí n pe ìpàdé ní ọjọ́ Sátidé. Mo mọ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá tó máa ń sọ̀rọ̀ náà ni yóò tún sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á pàtẹ́wọ́, a ó mu omi inú ọ̀rá, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ìyá tó ń mú ọmọ lọ sílé ìwé láàárọ̀ kò ní sí níbẹ̀, oko tàbí ìdí gàrí ló máa wà. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ti pinnu tán ni wọ́n fi ń pe ìpàdé láti kéde.

Nítorí náà mo lọ bá wọn níbi iṣẹ́ wọn. Ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò ni mo kọ́kọ́ yà sí, torí bí èèyàn bá gbé bébà àti bírò wọ agboolé tí bàbá yẹn kò mọ̀, wọ́n á ní owó orí lo wá kọ. Wọ́n fún mi ní ọmọkùnrin kan tó ń bá mi rìn. Ìwé tí ilé ìwé kọ, Faransé gbáà ni, mo ṣẹ́ ẹ kù sí ìbéèrè mẹ́ta ní Yorùbá: ọdún mélòó ni ọmọ, ṣé ó ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, kí ni ẹ rí sí ètò yìí?

Nídìí gàrí, ìyá kan kò tilẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó ń fi igbá pẹlẹbẹ da gàrí lójú agbada, èéfín gba ojú rẹ̀.

“Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ooru.”

“Òo, ìyàwó. A tàbí B, èwo ni tèmi níbẹ̀? Ta ni yóò mú ọmọ ọdún mẹ́fà sọdá títì nígbà tí tírélà bá ń bọ̀ láti Ìlárá?”

Èyí tó ń fọ ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi tirẹ̀ kún un: “Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní CE1 ló ń dì í lọ́wọ́ mú. Ẹ wá fẹ́ pín wọn.”

Gbogbo ibi tí mo dé, ọ̀rọ̀ títì yìí ni. Kò sí nínú ìwé àwọn ọ̀gá rárá.

Bàbá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó béèrè iye tí wọ́n ń gbà kí ọmọ tó wọ A. Mo ní kò sí, láti 2006 ni ìjọba ti fagi lé owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí àgbà ń rín sí ọmọdé.

Ohun kejì tí mi ò lọ wá ni ọ̀rọ̀ ìwé ìbí. Ìyá àgbà kan gbé agolo mílíìkì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú ọ̀rá dúdú, ó fi tìṣọ́ra-tìṣọ́ra na ìwé kan sí mi. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Ìwé ìbí gan-an kò sí. Wọn kò sọ ìbí ọmọ náà fún ìjọba nígbà tó yẹ, ilé ẹjọ́ ní Pọ́bẹ̀ ló sì kù kí wọ́n gbà lọ. Kì í ṣe òun nìkan. Mo ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé mi fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, a sì ní kí àwọn òbí wọn tètè bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó mú wọn mọ́ oko.

Mo wá kó gbogbo rẹ̀ padà sí Faransé fún àwọn ọ̀gá, mo yọ orúkọ kúrò. Ọ̀gá B fẹ́ kọ́kọ́ bínú, ó rò pé ilé ìwé òun ni wọ́n ń bú. Nígbà tó rí i pé títì ni, ó rọlẹ̀. Wọ́n gbà pé ọmọ tó bá ní ẹ̀gbọ́n ní A yóò tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ ilé apá ọ̀dọ̀ wa yóò ṣe CI àti CP, kíláàsì méjì àkọ́kọ́, ní A, láti CE1, tó jẹ́ ìkẹta, ni wọn yóò máa sọdá. Ọ̀rọ̀ ohun tí yóò dín eré ọkọ̀ kù lójú títì, a kọ ọ́ sí kọmúùnù; wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ojú ewé yẹn. Àwọn ọmọ tí ìwé wọn kò tíì jáde, wọ́n gbà wọ́n wọlé, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sọ́tọ̀. Ìwé ìbí náà gbọ́dọ̀ dé kó tó di CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń béèrè rẹ̀ fún CEP, ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.