Ọfà tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà tó ṣú

₦35,000 ni mo san fún ẹni tó pa iṣẹ́ ọdún mẹ́ta mi rẹ́, inú mi kò sì tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tan kọ̀ǹpútà, mo tẹ páásíwọ̀dù, ojú rẹ̀ sì ṣú dùdù: kò sí àwòrán, kò sí fódà, àfi ọfà kékeré tí mọ́ọ̀sì máa ń darí. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kò wò ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi sọ pé, “Mà, Windows yín ti kú, àfi ká fọ́máàtì ẹ̀.” Ìyẹn ni pé kó nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, kó sì fi Windows tuntun sí i. Mo gbà, nítorí ohun tí mo ń rí lójú kọ̀ǹpútà nìkan ni mo pè ní Windows nígbà náà. Nígbà tó gbé e padà, ó mọ́ tónítóní bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ tún ṣú. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ń kàwé nípa bí Windows, ètò tó ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà, ṣe ń ṣiṣẹ́, mo sì tẹjú mọ́ ọfà yẹn. Bí mo bá sún mọ́ọ̀sì tí ọfà sì rìn, a jẹ́ pé dráífà mọ́ọ̀sì, ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows gbọ́ èdè mọ́ọ̀sì, wà lẹ́nu iṣẹ́, dráífà kan kò sì lè ṣiṣẹ́ bí kernel kò bá tíì jí. Kernel ni ọmọ inú èkùrọ́, òun ló ń pín ìrántí kọ̀ǹpútà àti àkókò ẹ̀rọ fún gbogbo ètò yòókù, ntoskrnl.exe ni orúkọ fáìlì rẹ̀ nínú Windows. Níwọ̀n ìgbà tó sì ti gba páásíwọ̀dù mi, ó ń ka hard disk, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú fáìlì sí, ìyẹn ni pé NTFS, ètò tí Microsoft ti fi ń to fáìlì láti ọdún 1993, wà láàyè. Ohun tó kù ni shell, èèpo tó bo èkùrọ́ náà. Explorer.exe ni wọ́n ń pè é, òun ló ń ya àwòrán àti fódà sójú kọ̀ǹpútà. Èèpo nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager, ojú ìwé tó ń fi àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ hàn, sì yọ lórí ojú dúdú náà. Mo ní kó ṣí ètò tuntun, mo tẹ explorer.exe, gbogbo fódà mi sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún ṣú. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi bá èyí yí. Mo fi chkdsk yẹ hard disk wò, kò rí àbùkù. Mo fi sfc yẹ àwọn fáìlì Windows wò, wọ́n pé pérépéré. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń wá lójoojúmọ́ pé, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ o.” Gbogbo ìdáhùn tí mo ń rí kà ló ń sọ pé kí n fọ́máàtì, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń bí mi nínú ju àìsàn kọ̀ǹpútà náà lọ.

Inú Registry, níbi tí Windows ń kọ gbogbo àṣẹ rẹ̀ sí, ni ìdáhùn wà. Lábẹ́ Winlogon, apá tó ń darí bí èèyàn ṣe ń wọlé sínú Windows, ìlà kan wà tó ń jẹ́ Shell, explorer.exe nìkan ló sì yẹ kó wà níwájú rẹ̀. Orúkọ ètò kan tí n kò mọ̀ rí ni mo bá níbẹ̀. Mo gbà pé fláàṣì oníbàárà kan ló gbé e wọlé. Antivirus mi, ètò tó ń lé kòkòrò kọ̀ǹpútà, ti pa ètò náà rẹ́, ṣùgbọ́n kò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, nítorí náà Windows ń pe òkú láràárọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń dáhùn.

Kí n tó fọwọ́ kàn án, mo kó fáìlì mi sórí fláàṣì 32GB. Ó kọ fídíò 6GB kan bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè wà, nítorí FAT32 ni wọ́n fi to fláàṣì náà, FAT32 kì í sì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ju 4GB lọ. Mo yí i sí exFAT, tó ń gba fáìlì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo tún wọn kó. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ẹ̀dà ìlà Winlogon pamọ́, tí mo sì kọ explorer.exe padà. Ojú kọ̀ǹpútà kò ṣú mọ́ láti ìgbà náà.

Ọfà náà ń rìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú. Fáìlì mi wà níbẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá bi ọkùnrin tó fọ́máàtì rẹ̀ pé apá wo gan-an ló kú, ǹ bá sì ní kó yọ hard disk náà, kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn kí a fi kó fáìlì jáde, kó tó fọ́máàtì ohunkóhun. Ọjọ́rú ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn gba iṣẹ́ rẹ̀. Ti ọdún mẹ́ta náà kò padà.