Bọọ̀dù kọ̀ǹpútà B450 mi kò gbé àwòrán jáde pẹ̀lú prọ́sẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 5600: bí mo ṣe tún un ṣe
Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ní Kabba: fáànù ń yí, iná ń tàn, ojú móńítọ̀ ṣókùnkùn biribiri. Mo yọ RAM (mẹ́mórì), mo tún un kì bọ ibẹ̀, mo pààrọ̀ wáyà. Pàbó ló já sí.

Ọdún 2018 ni B450 jáde, 5600 dé ní 2022. BIOS àtijọ́ inú bọọ̀dù, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, kò dá a mọ̀.

Mo gba BIOS tuntun sórí fláàṣì tí a ṣètò sí FAT32 (ọ̀nà ìtọ́jú fáìlì), mo sọ fáìlì náà lórúkọ tí ìwé bọọ̀dù wí, mo ki fláàṣì náà bọ ihò tí wọ́n sàmì sí, mo tẹ bọ́tìnnì Flashback, èyí tó ń fi BIOS tuntun sínú bọọ̀dù. Jẹnẹrétọ̀ ni mo tàn, torí bí iná bá lọ láàárín, bọọ̀dù lè bàjẹ́ pátápátá. Iná pupa kékeré ń ṣẹ́jú, ṣẹ́jú, ó kú. Mo tan kọ̀ǹpútà, àwòrán yọ! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Bọọ̀dù tí kò bá ní bọ́tìnnì yìí, ẹ yá Ryzen àtijọ́ tí bọọ̀dù náà dá mọ̀ lò ná, kí ẹ fi sọ BIOS di tuntun.