Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Bí Gbájúẹ̀ Bá Pè Yín Nítorí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà lò nìkan ni gbájúẹ̀ orí fóònù ń rí mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tí ó ń kó àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà sí wàhálà ni pé, bí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí bá pè, tí ó ní iléeṣẹ́ Microsoft ni òun ti ń pè nítorí kòkòrò tí ó wọ ẹ̀rọ wọn, dípò kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á ní kí ó fi ẹ̀rí hàn. Ẹ̀rí gan-an sì ni ó mọ̀ ọ́n gbé kalẹ̀ jù.

Yóò ní kí ẹ ṣí Event Viewer, níbi tí Windows ń kọ ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ sí. Ẹ ó rí àmì pupa àti ti ìyeyè lọ súà, bẹ́ẹ̀ irú wọn kì í wọ́n nínú kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ le koko. Bí ẹ̀rù kò bá tíì bà yín, yóò ní kí ẹ tẹ assoc sínú fèrèsé dúdú kan, yóò sì ka nọ́ńbà gígùn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 888DCA60 sí yín létí, pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ yín nìyẹn. Ẹ wò ó, ó bá a mu! Nọ́ńbà kan náà ni ó wà nínú ẹ̀rọ Windows ti aládùúgbò yín. Babaláwo èké ni, tí ó ń dáfá fún yín pé ẹ ní ìdodo.

Láti ọdún 2012 ni FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń dáàbò bo oníbàárà, ti ń gbé irú àwọn gbájúẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́.

Bí ó bá ní kí ẹ ṣí TeamViewer tàbí AnyDesk, ìyẹn àwọn ètò tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, ẹ má ṣe ka nọ́ńbà tí ó bá gbé jáde fún un. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ gidi náà ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba nọ́ńbà yẹn lè máa darí kọ̀ǹpútà yín bí ẹni pé òun ni ó jókòó síwájú rẹ̀. Ó lè pa òǹkà tí ó wà lójú ìwé báńkì yín dà, kí 300 pọ́n-ùn tí ó ní òun ń dá padà fún yín di 3,000, kí ó wá máa sunkún pé iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ fi káàdì ẹ̀bùn san èyí tí ó lé padà. Kò sí iléeṣẹ́ gidi tí ń gba owó bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá ti rí yín mú, ìtìjú ni ó ń ba èyí tí ó kù jẹ́. Ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì fi fóònù pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀. Ní Bìrìtìkó, nọ́ńbà fóònù 159 yóò so yín pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn báńkì. Bí ẹlòmíràn bá sì pè lẹ́yìn oṣù díẹ̀ pé òun lè bá yín gba owó náà padà, bí ẹ bá lè san díẹ̀ sílẹ̀, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ni ó ta nọ́ńbà yín fún un.