Fóònù àbúrò mi tó kú sínú òtútù Whitehorse, bá a ṣe jí i rèé

Àbúrò mi wà ní Whitehorse, ní Kánádà lọ́hùn-ún, ó ń dúró kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré ìje Yukon Arctic Ultra, òtútù ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn -30, àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn, ìrọ̀lẹ́ ni níbí torí wákàtí 8 la fi ṣíwájú wọn. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Dùgbẹ̀ níbi tí mo ti ń tún fóònù ṣe, ló bá fi fóònù ẹlòmíì pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o, fóònù mi kú, bẹ́ẹ̀ 60% ló wà, inú ẹ̀ sì ni máàpù wà!"

Àyà mi já. Mo ní ibo lo fi sí, ó ní àpò ìta jákẹ́ẹ̀tì. Ó ti yé mi nìyẹn. Bátìrì ò bàjẹ́, òtútù ló mú kí kẹ́míkà inú ẹ̀ falẹ̀, agbára ò jáde dáadáa mọ́, ni fóònù bá pa ara ẹ̀.

Ó fẹ́ ṣáájì ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo pariwo pé rárá o! Bátìrì tó bá ti tutù kọjá 0, téèyàn bá ṣáájì ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè bàjẹ́ débi tí èmi gan-an ò ní rí i tún ṣe. Mo ní kó wé e sínú láílọ̀n torí òógùn, kó tì í bọ abẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, kó kan awọ ikùn ẹ̀ gan-an.

Nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ó pè padà, fóònù ẹ̀ ló fi pè, 57% ló gbé wá, mo ń gbọ́ bí eyín ẹ̀ ṣe ń gbá ara wọn. Mo ní fi síbẹ̀ o, tóo bá ti wo máàpù tán, dá a padà síkùn.